Abẹ́rẹ́ Ìbísí àti Abẹ́rẹ́ Ìtọ́jú

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí ń sin àgùntàn ní Ọ̀wọ̀ àti ní ẹkùn Ọ̀sẹ́ gbé yẹ̀wò: ó ha tọ́ láti mú ẹran bí ju iye tí a lè tọ́ lọ bí?

Ní ọdún 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta abẹ́rẹ́ kan ní Austrálíà, Fecundin ni orúkọ rẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù kan wà nínú ara abo àgùntàn, androstenedione, tí ó wà lára àwọn ohun tí ń dín iye ẹyin tí ń gbó lẹ́ẹ̀kan náà kù. Àwọn onímọ̀ so ó mọ́ èròjà mìíràn, wọ́n sì ń gún un sí ẹran náà lára nígbà méjì kí ó tó gba àgbò. Ara rẹ̀ a sì dìde sí họ́mọ́ọ̀nù náà, gẹ́gẹ́ bí ara ti í dìde sí àrùn lẹ́yìn àjẹsára. Nígbà tí ìdènà bá dín kù, ẹyin méjì lè gbó níbi tí ọ̀kan ìbá ti gbó.

Ọgbọ́n ńlá ni, àwa kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmú méjì péré ni àgùntàn ní. Bí ó bá bí mẹ́ta, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó, àwọn ọmọ a rù, èyí tí ó kéré jù a sì kú. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, ni àwọn baba wa wí.

Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa kì í ṣe àgàn. Ọ̀kan ni ó sábà máa ń bí, nígbà mìíràn méjì. Èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣà jẹ kiri ìgboro, àrùn PPR a sì máa pa wọ́n. Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí ILCA ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 1980 sí 1989, fi tẹnu mọ́ abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn náà, àti gbígbin igi bí àgúnmánìyẹ̀ sí àárín ebè, kí ewé rẹ̀ lè di oúnjẹ ẹran.

Ẹnìkan lè wí pé owó ilé-ìwé ọmọ ènìyàn ju ìrọ̀rùn àgùntàn lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òkú ọ̀dọ́-àgùntàn kì í san owó ilé-ìwé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti pa méjì mọ́ láàyè ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ẹranko tí kò lè fọhùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa ka iye tí ó yè, kí wọ́n tó ka iye tí a bí.