Olúkúlùkù ní Ọ̀kánkán Ilé Rẹ̀

Ẹ ka Nehemiah, orí kẹta.



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fẹ́ ka orí yìí níwájú ìjọ. Orúkọ ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, orúkọ tí ó le lẹ́nu, tí ẹni tí a yàn láti ka Ẹ̀kọ́ Kìíní a máa gbàdúrà kí ó má bọ́ sí ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù kà á, a ó rí i pé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni: ta ni ó tún apá wo mọ nínú odi Jerúsálẹ́mù tí ó ti wó, níbo ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó sì parí sí. Àlùfáà wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀, ẹni tí ń po òróró olóòórùn dídùn wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò pẹ̀lú. Ṣallumu, tí í ṣe ìjòyè, kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ìdí iṣẹ́ náà. A kò gbọ́ nípa ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí pé iṣẹ́ mọlémọlé ni ó kọ́.

Ẹ kíyèsí ohun kan. A sọ nípa ọ̀pọ̀ nínú wọn pé ọ̀kánkán ilé ara wọn ni wọ́n ti ṣe àtúnṣe odi náà. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé ọ̀kánkán yàrá rẹ̀ ni. Nehemiah mọ ènìyàn. Ẹni tí odi wó sí iwájú ilé rẹ̀ ni ó mọ ihò tí ọ̀tá lè gbà wọlé lóru, a kò sì ní láti pariwo sí i létí kí ó tó yára.

Odi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ ayé yìí, tí a fi sí ìkáwọ́ Ádámù àti àwa ọmọ rẹ̀ láti máa tọ́jú. Omi wa ń bàjẹ́, igbó ń tán, ooru sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí a bá gbọ́ ìròyìn wọ̀nyí, ojú ìjọba ni a máa ń wò, tàbí ojú àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ ńláńlá. A kì í wo ojú akọ̀wé, tàbí ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ, tàbí ẹni tí ń gbálẹ̀. Ìtàn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Interface, yóò fi hàn wá bí èyí ti jẹ́ àṣìṣe tó.

Ní ọdún 1973 ni Ray Anderson dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú LaGrange, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe, èyí tí a gé ní onígun mẹ́rin tí a sì ń tò sí ilẹ̀ ọ́fíìsì. Láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí òwú náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlélógún, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́wọ́, Anderson kò ronú nípa ohun tí iṣẹ́ òun ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ ayé àti ohun tí ó ń dà padà sí i, àfi kí ó sáà ti pa òfin ìjọba mọ́.

Ní ọdún 1994 àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn tí ń tajà fún un léèrè pé, Kí ni ilé iṣẹ́ yín ń ṣe nípa ọ̀ràn ayé yìí? Wọn kò rí ìdáhùn. Wọ́n ìbá ti fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì tajà wọn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìbéèrè náà wá sílé. Láti ìgbà náà ni a ti pe ìgbìmọ̀ kékeré kan jọ, tí a sì bẹ ọ̀gá pé kí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kò ní ohun tí yóò sọ. Nínú wàhálà yìí ni ìwé Paul Hawken tí a ń pè ní The Ecology of Commerce bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì gún un lọ́kàn. Ó rí i pé apiyẹ́ ni òun, pé òun ń kó ohun tí í ṣe ti àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà, ó sì sọ fún wọn pé ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà.

Nígbà tí ayé bá ń sọ ìtàn yìí, Anderson ni wọ́n ń yìn, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ó sùn ní ọdún 2011 pẹ̀lú orúkọ rere. Ṣùgbọ́n èmi kò lè ṣàìrántí ọmọdébìnrin tí ó wà ní ilé Naamani. Bí àwọn tí ń ru àpótí ọjà kiri kò bá gbé ìbéèrè náà wá, ta ni ìbá bi ọ̀gá?

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ nínú ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti wá ibi tí ìfiṣòfò wà. Ẹni tí ń gé kápẹ́ẹ̀tì mọ iye àjákù tí ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójúmọ́. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2009 Anderson sọ ní gbangba pé iye owó tí kò ṣòfò mọ́ nípa iṣẹ́ yìí ti tó 400 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé títọ́jú ayé yóò sọ oníṣòwò di tálákà, ẹ wo iye náà dáadáa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò yóò fẹ́ràn èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Shanghai. Ní ọdún 1997, bí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, àwọn tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ ṣírò pé pọ́ǹpù tí yóò máa ti ohun ṣíṣàn kan yíká yóò gba agbára ẹṣin 95. Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà kan, Jan Schilham, tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò. Ó lo páìpù tí ó tóbi àti pọ́ǹpù tí ó kéré. Lẹ́yìn náà, dípò kí ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ kí páìpù sì máa lọ́ kiri láti bá wọn, ó kọ́kọ́ la ọ̀nà páìpù ní tààrà, ó sì wá to ẹ̀rọ tì í. Agbára ẹṣin 95 di 7. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ tuntun kan nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti fi ọ̀pá tínrín àti ọ̀pá gbòòrò fa omi mu rí ti mọ èyí tí ó rọrùn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò dúró níwájú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kí ó bi í pé, Èé ṣe tí ìwọ fi rí báyìí?

Anderson a tún máa sọ nípa òṣìṣẹ́ kan tí ń wa ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gbé ẹrù nínú ilé iṣẹ́. Àlejò kan bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáhùn pé òun ń wá sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti ran ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ kí ó má baà parun. Bí àlejò náà ti ń bá ìbéèrè lọ, ó tọrọ gáfárà, nítorí bí òun kò bá tètè gbé ìdì kápẹ́ẹ̀tì ọwọ́ òun dé ibi ẹ̀rọ, ohun tí ń ṣòfò yóò pọ̀ sí i. Kò ní àkókò láti máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Nínú orí tí a kà, ẹnu-bodè kan wà tí a ń pè ní Ẹnu-bodè Ààtàn. Ìjòyè ni ó tún un kọ́, Malkijah ni orúkọ rẹ̀. Òórùn ibẹ̀ kò lé e sẹ́yìn. LaGrange pẹ̀lú ní ààtàn ìlú. Ohun tí ó bá jẹrà nínú irú ààtàn bẹ́ẹ̀ a máa tú gáàsì mẹ́tẹ́ènì jáde, èyí tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti gáàsì inú èéfín lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba ìlú fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, a fa gáàsì ààtàn náà gba inú páìpù, ó sì di ohun ìdáná fún ẹ̀rọ. Báyìí ni ìdọ̀tí gbogbo ilú, títí kan ti àwọn tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣe di ohun èlò.

Èmi kò wí pé ilé mímọ́ ni ilé iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2019 wọ́n kéde pé àwọn ti dé ibi tí àwọn fojú sùn nípa mímú ìpalára kúrò, ṣùgbọ́n apá kan nínú ìṣirò náà jẹ́ owó tí wọ́n san fún ẹlòmíràn ní ibòmíràn láti bá wọn dín èéfín kù. Ó dà bí ẹni tí ó háyà ènìyàn láti mọ odi ọ̀kánkán ilé tirẹ̀. Ní ọdún 2024 wọ́n kéde fúnra wọn pé àwọn ń fi ọ̀nà náà sílẹ̀, láti gbájú mọ́ èéfín ti inú ilé ara wọn.

Nísinsin yìí, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wá sílé. Àwọn kan yóò wí pé, Ọ̀gá wa kò bìkítà. Ẹ wo àwọn ará Tekoa. Àwọn ọlọ́lá wọn kò fi ọrùn sí abẹ́ iṣẹ́ náà. Àbùkù wọn wà nínú àkọsílẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ̀kúnnù Tekoa tún apá tiwọn mọ, nígbà tí wọ́n sì parí rẹ̀, a tún rí orúkọ wọn níwájú níbi tí wọ́n ti ń mọ apá kejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà léwu. Ẹni tí ó bá rí ibi tí a ń da omi oró ilé iṣẹ́ sí lóru lè pàdánù oúnjẹ ọmọ rẹ̀ bí ó bá lanu. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni sáré jáde lóun nìkan. Ẹ lọ ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹ mú ìṣirò lọ́wọ́, nítorí ọ̀gá tí kò gbọ́ ẹkún odò a máa gbọ́ iye owó dísẹ́lì. Ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ni ẹ mọ ibi tí abẹ́rẹ́ tí a ti lò ń lọ. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ mọ iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń dún nígbà tí kò sí ẹnìkan nínú yàrá.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó sì pa ju 200 ènìyàn lọ. Òjò ni ó rọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti dí ojú ọ̀nà omi náà kí òjò tó dé, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì dà á síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kánkán ilé àti ìsọ̀ olúkúlùkù. Lónìí ọ̀rá omi ni ó pọ̀ jù nínú gọ́tà wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń jáde láti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìkórè. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó parí, ẹ mú àwọn ọmọ kíláàsì yín rìn yí ọgbà ká, kí wọ́n tọ gọ́tà náà títí dé ibi tí ó ti wọ odò, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ ìjọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.