Aago Tí Susannah Yà

Ọ̀rọ̀ ìdun ló kọ́kọ́ ká Susannah Cahalan lára. Ọdún 2009 ni, ní New York; ọmọ ọdún 24 ni, akọ̀ròyìn New York Post sì ni. Ó rí àmì pupa méjì lápá rẹ̀, ló bá ní ìdun ti wọlé òun. Ẹni tó ń fín oògùn kòkòrò tú gbogbo yàrá, kò rí ẹyọ kan. Susannah ní kó ṣáà fín in.

Kò pẹ́ tí apá òsì rẹ̀ fi ń kú tìpìrì, tí gìrì sì mú un. Nígbà kan, ó dá a lójú pé òun ń gbọ́ bí bàbá òun ṣe ń lu ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjà kankan kò sí nínú ilé. Dókítà kan ní ọtí àmujù àti iṣẹ́ àṣejù ni. Òmíràn ní orí rẹ̀ ló dàrú.

Ibí yìí ló ti ń dùn mí, nítorí kì í ṣe ohun kan náà ló ń mú kí èèyàn máa rí tàbí máa gbọ́ ohun tí kò sí. Ẹni tí ohùn ń bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù, tó sì mọ ọjọ́ àti ibi tó wà, kò jọ ẹni tó ń rí kòkòrò lára ògiri lẹ́yìn tó fi ọtí sílẹ̀ lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́: ó lè máa rí èèyàn nínú pálọ̀, kó sì mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀. Orí ìyẹn kò dàrú rárá. Ojú ló ń ṣe é.

Ní ti Susannah, Dókítà Souhel Najjar ló fún un ní bébà pé kó ya aago. Ó ya òbìrí, ó to nọ́ńbà láti 1 dé 12, àmọ́ apá ọ̀tún ni gbogbo wọn kó sí. Apá òsì ṣófo gbáà. Ìyẹn ló jẹ́ kí Najjar mọ̀ pé ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ ti wú, nítorí ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí apá òsì. Wọ́n gé bíńtín nínú ọpọlọ náà yẹ̀ wò: agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ló kọjú ìjà sí ọpọlọ rẹ̀. Anti-NMDA receptor encephalitis ni wọ́n ń pè é, àrùn tí Josep Dalmau àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 2007. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé Brain on Fire ní 2012.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ará ilé yín bá ń rí tàbí ń gbọ́ ohun tí kò sí, kí ẹ tó pariwo ayé, kí ẹ tó dè é mọ́lẹ̀, ẹ wádìí. Ohùn ni àbí àwòrán? Ṣé gìrì mú un rí? Ṣé ibà wà lára rẹ̀? Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọtí sílẹ̀ ni? Ṣé ojú rẹ̀ ríran dáadáa? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹni náà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.