Àlejò Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì Ìjọba

Kí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, yóò ti kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ti wá. Àwọn yunifásítì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, irú èyí tí ó wà ní Berkeley àti ní Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California, tàbí ti Chapel Hill ní North Carolina, ni àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń wá àyè níbẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ̀wé dáadáa ni kì í rí àyè gbà. Ẹni tí ìbéèrè náà ká lára jù lọ ni ẹni tí ó ti kàwé ọdún kan tàbí méjì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí ó wá fẹ́ kó ohun tí ó ti kà wá síbẹ̀ láti parí rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tíráńsífà. Àlejò ẹ̀ẹ̀mejì ni onítọ̀hún: kì í ṣe ará ìpínlẹ̀ náà, kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ní ọdún àkọ́kọ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n fi ọmọ onílé ṣíwájú rẹ̀ bí ìmọ̀ wọn bá dọ́gba?

Èsì tí ó máa ń yá lẹ́nu àwọn aṣòfin ni pé owó orí àwọn ará ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí náà ọmọ wọn ni ó ni ín. Èsì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é tó bí wọ́n ti rò. Ní ọdún 1862 ni Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tí a mọ̀ mọ́ orúkọ aṣòfin Justin Morrill, èyí tí ó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 30,000 éékà ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí aṣòfin kọ̀ọ̀kan tí ó ní ní ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ gbé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ró. 150,000 éékà ni ó kan California, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1868. Àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nínú ààlà wọn gba ìwé tí a fi lè rí owó lórí ilẹ̀ tí ó wà lọ́hùn-ún níhà ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ ọ̀hún, kí a má gbàgbé, ọwọ́ àwọn ẹ̀yà tí ó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti gbà á, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìbọn. Onílé tí ń béèrè ìwé lọ́wọ́ àlejò, àlejò ni òun náà.

Bí owó orí kò bá tó àwíjàre, ibi tí a bí ènìyàn sí ńkọ́? John Rawls, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1971 lórí ìdájọ́ òdodo, sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ipò tí wọ́n bí i sí, àti pé òfin tí ó tọ́ ni èyí tí àwọn ènìyàn yóò fara mọ́ bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá mọ ipò tí òun yóò bọ́ sí láyé. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí àkúnlẹ̀yàn, ohun tí ẹ̀dá kúnlẹ̀ yàn lọ́run kí ó tó wá sáyé, àti àkúnlẹ̀gbà, ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀; yóò sì lè jiyàn pé ibi tí a bí ènìyàn sí wà lára ẹrù orí rẹ̀, pé kì í ṣe èèṣì lásán. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìyẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, nítorí àwọn àgbà kan náà tí ó kọ́ni ní ọ̀rọ̀ orí ni ó kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, pé orí rere kò lè dá ire rẹ̀ gbà bí ẹsẹ̀ kò bá gbé e débẹ̀. Ọmọ tí ó kúrò ní abúlé kan ní Nebraska láti lọ kàwé ní Berkeley, ẹsẹ̀ ni ó ń lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àlejò náà ti wá le ni ibi ìlérí. Ní 1960, nígbà tí Clark Kerr jẹ́ ààrẹ Yunifásítì California, ìpínlẹ̀ náà ṣe ètò ńlá kan tí ó pín ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta: ìdá kan nínú mẹ́jọ àwọn ọmọ girama, àwọn tí ó mókè jù, ni yóò lè wọ Yunifásítì California, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò lè wọ àwọn yunifásítì onípele kejì, ẹnikẹ́ni yòówù ni yóò sì rí àyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Kí àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò má bàa di ẹni àpatì, ètò náà ṣèlérí pé ẹni tí ó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ yóò ní ọ̀nà àtiwọ yunifásítì ní ọdún kẹta. Àga ọdún kẹta tí ará òde ń wò yìí ti ní ẹni tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún.

Ìlérí náà hàn nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Atọ́ka kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ASSIST, níbi tí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti lè rí i kedere pé kẹ́mísírì tí òun ṣe yìí ni Berkeley yóò kà sí kẹ́mísírì tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ará ìpínlẹ̀ mìíràn kò sí nínú rẹ̀; akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tọ́jú ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣe, ohun tí wọ́n kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé tí wọ́n kà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, kí ó lè fi hàn bí wọ́n bá béèrè, yóò sì máa retí kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n gbà. Ó ń dun ni, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́ ẹ jẹ, nítorí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà, àdéhùn ni ó gbé e síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun-ìní nìkan ni California fi gbèjà ara rẹ̀, àwíjàre rẹ̀ ì bá má tó nǹkan.

Bí a bá wá gba àlejò náà wọlé, ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ó lé ní 30,000 dọ́là lọ́dọọdún tí ará òde ń san lé orí ohun tí ọmọ onílé ń san ní Yunifásítì California, kò sì lè bọ́ nínú rẹ̀ àfi bí ó bá di olùgbé, èyí tí òfin ibẹ̀ túmọ̀ sí ẹni tí ó ti wà ní ìpínlẹ̀ náà fún ọjọ́ 366 tí ó sì ní in lọ́kàn láti máa gbé ibẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ̀kọ́ nìkan gbé wá kò sí lára irú olùgbé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 24, tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé níbòmíràn, ní láti tún fi hàn pé òun ni ó ń bọ́ ara òun. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni èrò àtimáa gbé ibẹ̀ lọ yìí, Ọlọ́run nìkan sì ni Yorùbá ń pè ní Arínúróde. Akọ̀wé yunifásítì tí kò lè rínú ẹnikẹ́ni ń wo láìsẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò àti owó orí, ó sì ń retí pé kí páálí sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn.

Òfin Connecticut tilẹ̀ burú ju èyí lọ nígbà kan, nítorí ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lóde ìpínlẹ̀ nígbà tí ó ń béèrè àyè, ará òde ni yóò jẹ́ títí yóò fi jáde. Obìnrin méjì tí wọ́n ní láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ Connecticut, tí wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà sì dá wọn láre ní 1973: ìpínlẹ̀ lè gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ará òde, ṣùgbọ́n kò lè dí i lọ́nà àtifi ẹ̀rí hàn pé òun ti di ará ilé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Michael Walzer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà mìíràn, kọ̀wé pé àwùjọ ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti máa fi ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, tí ń bá a ṣiṣẹ́, ṣe àlejò ayérayé. Ibi tí ìdájọ́ yẹ kí ó dúró sí nìyẹn.

Bí a bá fi ìdájọ́ yìí wo ilé tiwa, ní Nàìjíríà, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń pín àyè ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìmọ̀, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, àti 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ibi tí bàbá ti wá ni wọ́n sì ń wò. Ará Nebraska lè fi iṣẹ́ àti ọjọ́ di ará California. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí ó dàgbà síbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Benue, kò ní ọjọ́ tí yóò kà tí yóò fi di ọmọ Ọ̀yọ́. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa tún èyí ṣe, nítorí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí olùbẹ̀wẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ni fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ṣì ń béèrè.