Ọmọ Olóríkunkun Ni, Tàbí Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ń Bà?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù olùkọ́ ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbé yẹ̀ wò: bí ọmọ kan bá ń jà nínú kíláàsì láìsí ìdí tí ojú rí, tàbí tí ó yadi nígbà tí a bi í ní ìbéèrè, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a nà án bí olóríkunkun?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, a sì mú Àjàyí lẹ́rú, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní 1864. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1837, ó sọ pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun nínú ìgbèkùn náà. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ẹ̀rù ni ó bà wọ́n: wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni; wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Ewu ti kọjá, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nínú ọpọlọ, ibi kékeré kan wà tí ó dàbí ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé. Òun ni ń kígbe ewu. Lẹ́yìn iwájú orí ni ibi tí ń ronú tí ó sì ń kó ènìyàn níjàánu wà, kì í sì í gbó tán títí ọmọ yóò fi kọjá 20 ọdún. Bí ọdẹ bá kígbe, àyà a máa lù kìkì, ara a sì múra láti jà, láti sá, tàbí láti dúró gbagidi. Ìrònú a fà sẹ́yìn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Èyí kì í ṣe ọ̀ràn òkèèrè. Ogun Kírìjì, tí àwọn Ìjẹ̀ṣà jà, gba ọdún 16, láti 1877 sí 1893. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, láti 1997 sí 2000, lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di òbí lónìí.

Ẹnìkan lè wí pé àwíjàre yóò ba ọmọ jẹ́. Àwa kò wí pé kí a pa ìbáwí tì. Ọmọ tí ó lu ẹnì kejì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibi ni ó ṣe, kí ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìbáwí ní àsìkò: pàṣán tí a fi na ọmọ tí jìnnìjìnnì mú, ń ṣe ni ó ń fi kún igbe ọdẹ náà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó bá ọmọ náà mí sínú, kí wọ́n sì mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ètò iṣẹ́ ojoojúmọ́ má máa yí padà lójijì. Nígbà tí ara ọmọ bá ti balẹ̀, nígbà náà ni kí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a sì bá a wí.

Ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹ̀kọ́ ni bí ìṣirò ti jẹ́ ẹ̀kọ́. Lára àgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ọmọ sì ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ tí kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ?