Kí Ni Ká Kí Abiyamọ Tí Ọmọ Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Oníṣẹ́ Abẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti ń jà lọ́kàn mi láti ìgbà tí ohun tó fà á ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

Arábìnrin kan bímọ nínú ìjọ wa. Ọmọkùnrin ni. Agbẹ̀bí wẹ ọmọ náà, ó yí i padà láti nù ún, ó rí i pé kò ní ihò ìdí. Ibi tí ó yẹ kí ó wà dán bí àtẹ́lẹwọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí Kòtònú. Bàbá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀ ló bá a lọ. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti ya lára rẹ̀ jù, kò lè gun mọ́tò. Ó kù sí ilé, ọmú kún àyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Àwa ìjọ lọ kí i. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa dúró. Ẹni tó ṣáájú wo ẹ̀yìn, èmi náà wo ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa ọmọ Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan: ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró, ẹni tí òjò pa, ẹni tó ń gerun lọ́wọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹnu wa wọhò. Ẹnì kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," bí ẹni pé òkú ló kú. Òmíràn ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Kò sí ẹni tó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ìyá náà wò wá yíká, ó ní, "Àbí mi ò bímọ ni?"

Ará, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń rò, n kò sì ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní ayé tiwọn, ìkókó ń kú púpọ̀, wọ́n sì ti kọ́ láti má tètè so ọkàn mọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá. Wọ́n á ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Àánú ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ń gbé ìyá dìde ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìgbà tí wọ́n máa ń sọ ọ́. Lẹ́yìn tí omi bá ti dànù ni. Ẹni tó ń ru omi bọ̀ láti odò, ta ní í pàdé rẹ̀ lọ́nà kí ó sọ fún un pé, "Má wulẹ̀ dì í mú, ó lè dànù"?

Ẹ tún wo ìkíni wa náà. Ewu wà nínú rẹ̀. Àwọn tó fi í lé wa lọ́wọ́ kò pè é ní "ẹ kú ayọ̀" nìkan. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá sáyé, ọ̀nà eléwu ni. Alàgbà kan sọ fún mi pé ewu tó ti kọjá ni à ń kí, pé ti ọmọ yìí kò sì tíì kọjá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé ewu ti kọjá lórí àwọn ọmọ tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn nílé? Ibà wà, èébì wà, òru wà. A kò bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn kí a tó jó. Ọmọ tó dé ni à ń kí, nítorí pé ó dé. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí a dá lójú pé yóò pẹ́ nìkan ni a ó máa kí, a ò ní kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí Dáfídì. Nígbà tí ọmọ tí Bátíṣébà bí fún un ń ṣàìsàn, ọjọ́ méje ni ó fi dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò jẹun. Nígbà tí ọmọ kú, ó dìde, ó wẹ̀, ó jẹun, ẹnu sì ya àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Àwa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: a ń jìnnà sí ọmọ nígbà tí ó ṣì ń mí, a ń tọ́jú ẹkún wa dè é.

Àwọn kan á ní, "Ìkókó mà ni, kí ló mọ̀?" Kì í ṣe àwa nìkan la rò bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà pàápàá rò ó fún ìgbà pípẹ́, tó fi jẹ́ pé títí di ẹ̀yìn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ìkókó ni wọ́n ń fi abẹ là pẹ̀lú oògùn ìrora tí kò tó nǹkan. Ní 1987 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àwọn ìkókó tí a fún ní oògùn tó kájú ìrora gbádùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ju àwọn tí a kò fún lọ. Ọmọ náà ń gbọ́ ọ lára, kò kàn rí ẹnu sọ ni. Ṣáájú ìyẹn, ní 1980, DeCasper àti Fifer ní Amẹ́ríkà fi ọmú rọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọmọ bá fà á lọ́nà kan, yóò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bí ó bá fà á lọ́nà mìíràn, ohùn obìnrin mìíràn ni. Ohùn ìyá wọn ni wọ́n ń fà wá. Nítorí náà, ọmọ tó wà nínú àpótí gíláàsì olóoru yẹn, tí wọ́n ń pè ní couveuse, ó mọ ẹni tí ó dákẹ́.

Ní ti àwọn tó ń bi ìyá náà léèrè ohun tó jẹ nínú oyún, tàbí ẹni tó ṣẹ̀: ìbéèrè yẹn ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù bi í nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ẹ sì mọ bí ó ti dá wọn lóhùn. Ihò ìdí ọmọ ti máa ń dá kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Nínú nǹkan bí ọmọ 5,000, ọ̀kan ni tirẹ̀ kì í dá bó ti yẹ, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ohun tó fà á. Ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bí ó tilẹ̀ máa bí àwọn kan nínú. Kí wọ́n tó gbé ọmọ yìí lọ, ẹnì kan nínú wa ní kí a kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gba ààwẹ̀, kí abẹ má bàa kan ohun tí Ọlọ́run dá. Ọpẹ́ ni pé bàbá ọmọ kò gbà. Èmi náà ń gba ààwẹ̀, mo sì mọ ohun tí àdúrà ti ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ inú ọmọ tí kò ní ọ̀nà àbájáde, ibo ni yóò gbà? Ikùn á wú, ọmọ á máa bì, ìfun lè bẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí mọ́tò ń gbé lọ sí Kòtònú lè gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ la ẹ̀gbẹ́ ikùn, wọ́n á yọ ẹnu ìfun síta kí ìgbẹ́ lè gba ibẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á ṣe ihò ìdí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dí ti ikùn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn ń tọ̀ láti ṣe ihò náà lónìí, ilẹ̀ Mexico ni dókítà Alberto Peña ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1980. Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ní 2021, àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè 74 gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú irú àbùkù inú báyìí. Ní àwọn ilẹ̀ tó tòṣì jù, nǹkan bí 40 nínú 100 ló kú; ní àwọn ilẹ̀ olówó, wọn kò tó 6. Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo wọn. N kò lè gbà pé ìgbàgbọ́ àwọn ìyá tọ̀hún ló ju ti àwọn ìyá tiwa lọ.

Ọjọ́ kẹjọ wá pé. Àwọn kan ní kí a dúró kí ọmọ dé. A kò dúró. A pé jọ, a gbé ìyá ọmọ sáàárín, a sì sọ ọmọ náà lórúkọ. Oyin àti iyọ̀ tí à bá fi kàn án lẹ́nu, ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ wò dípò rẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé oyin, omi tàbí ohunkóhun lọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kódà ọmọ tí ara rẹ̀ dá, kò yẹ kí ó fẹnu kan oyin kí ó tó pé ọdún kan. Àbẹ́là àti tùràrí pẹ̀lú kì í wọ ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní afẹ́fẹ́ oxygen, nítorí iná.) Lẹ́yìn àdúrà, a fi tẹlifóònù pe bàbá ọmọ, ó gbé e sẹ́bàá etí ọmọ náà, ìyá sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Bàbá sọ fún wa pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí náà, "Bébé" àti orúkọ ìyá nìkan ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ tuntun náà, ó sì kọ ọ́ sí i.

Alàgbà tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Bí ó bá kú ńkọ́?" Mo ní a ó mọ orúkọ ẹni tí à ń sunkún. Inú rẹ̀ kò dùn sí èsì náà, àwa méjèèjì kò sì tíì fẹnu kò lé e títí di òní.

Ọmọ náà ti dé ilé. Iṣẹ́ abẹ méjì ṣì kù, ikùn ló ṣì ń gbà yàgbẹ́, aṣọ ni ìyá rẹ̀ fi ń gbà á, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ó máa ń rùn nígbà mìíràn, n kò ní parọ́. Ní ọjọ́ ìsìn, ìyá náà máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá lápá àwọn obìnrin, nítosí ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ràn orin púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a gbé ọmọ kí ó lè dìde kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá, ààyè méjì ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.