Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí yóò ta oúnjẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. A kì í gba kọ́bọ̀. Àǹtí mi, tó ń san owó ilé-ìwé mi, wà lára àwọn tó fẹ́ tà.

Àwọn kan ní, ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba má fi ara rẹ̀ síbi tí ire tirẹ̀ yóò ti ta ko iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò sanwó fún gan-an ló máa ń tètè sọ pé, "Èmi náà ńkọ́?"

Mo jẹ́wọ́, mo sì bọ́ síta kí wọ́n tó dìbò. Àǹtí ò wọlé. Tí mo bá kí wọn báyìí, "hùn" ni wọ́n ń dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tò fún oúnjẹ, ṣé kí n jókòó ni?