Alàgbà Ọmọ Ogún Ọdún

Yorùbá kì í fi orúkọ àgbà ṣeré. Ẹni tí a bá pè ní alàgbà, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àárín ìlú, a ti gbà pé ó ti jẹ iyọ̀ jù wá lọ, pé ojú rẹ̀ ti rí, etí rẹ̀ sì ti gbọ́. Ìdí nìyí tí ẹnu fi máa ń ya àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì-méjì tí Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, àwọn tí ayé mọ̀ sí Mọ́mọ́nì, ń rán káàkiri. Ẹ̀wù funfun, táì, àti páálí dúdú pélébé ní àyà, tí a kọ Elder sí kí a tó kọ orúkọ ìdílé wọn. Alàgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ lè má tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Láti 2012, ọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọmọ ọdún 18; ọmọ ọdún 19 ni ti obìnrin títí di 2025. Ọdún méjì ni ti ọkùnrin, oṣù 18 ni ti obìnrin. Wọn kì í gba owó oṣù. Wọn kì í yan ibi tí wọn yóò lọ, wọn kì í sì í yan ẹni tí wọn yóò jọ máa gbé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan kò gbọdọ̀ dá jáde láìsí èkejì. Títí di oṣù kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gbóhùn òbí wọn lórí tẹlifóònù. Láti ìgbà náà ni àyè ti wà láti ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan a máa fi wọ́n wé àgùnbánirọ̀, tí ìjọba ti ń rán kiri láti 1973. Àfiwé náà kò gún tó. Ìjọba ń fún àgùnbánirọ̀ ní owó díẹ̀, kò sì bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà.

Kì í ṣe oòrùn tàbí ìrìn ni ó le jù nínú iṣẹ́ yìí, bí kò ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Nílùú òyìnbó, wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lé àlejò. Ìjókòó àti omi tútù ni a fi ń kọ̀ fún un. Mo fojú ara mi rí èyí ní Àpòmù, ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì náà jẹ́ Yorùbá. Èkejì jẹ́ ọmọ Ìgbò tí Yorùbá rẹ̀ kò ju kíkí lọ, tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀ fún. Bàbá fún wọn ní ìjókòó àti omi, ó tilẹ̀ ní kí a fún wọn nínú dòdò Ìkirè tí mo rà bọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní, “Ọ̀rọ̀ yín dára púpọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn tí ó rán yín.” Inú ọmọ Ìgbò náà dùn, ó mú ìwé jáde, ó kọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wolẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Síbẹ̀, wọ́n padà wá. Ní ìgbà kẹta, Bàbá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó ti wà nínú rẹ̀: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣebí ìjọ yín yìí kì í fi aláwọ̀ dúdú jẹ àlùfáà nígbà kan?”

Òtítọ́ ni. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún títí di oṣù kẹfà 1978 ni ìlànà náà fi wà. Kí ó sì tó di ìgbà náà, àwọn kan ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí Utah, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán oníwàásù sí wọn. Oṣù kọkànlá 1978 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi. Èyí ni pé orúkọ tí ó wà ní àyà ọmọ yìí jẹ́ èyí tí a fi du àwọn bàbá rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá náà ni ó dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Nígbà tí mo kà á, ó dùn mí. N kò ní àlàyé tí yóò tẹ́ yín lọ́rùn.” Ìgbà náà ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀: kì í ṣe èyí tí ó wà ní àyà, èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè é.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ òwe yìí bí ẹni pé kí a fi oyin bo ohun tí ó korò ni. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹrú kò ní ẹnu láti bi ẹni tí ó rán an léèrè. Ọmọ ní ẹnu. Ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ lè sọ pé ibí báyìí kò dùn mọ́ òun nínú, kí ó má sì ju iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àpòmù mọ ohun tí ẹrú jẹ́. Ọjà ńlá ni láyé àtijọ́, níbi tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, àwọn ajínigbé kò sì jìnnà sí i. Samuel Johnson ròyìn pé ibẹ̀ ni Aólẹ̀, kí ó tó di Aláàfin, ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú, tí Baálẹ̀ Àpòmù sì ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí ó gorí oyè tí ó fẹ́ gbẹ̀san, Baálẹ̀ náà sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpìtàn náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Sàró ni wọ́n bí Johnson sí ní 1846. Ní 1858 ó bá àwọn òbí rẹ̀ dé Ìbàdàn, lọ́dọ̀ David Hinderer. Ní 1866, nígbà tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ìjọ CMS ti fi ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Wọ́n rán an láti sọ̀rọ̀ fún àwọn àgbà. Ohun tí ó mú bọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ fún un: ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí ó jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tí ó rán an kò rán an ní ìyẹn.

Nítorí náà, n kò lòdì sí rírán ọmọdé níṣẹ́ Ọlọ́run. Orúkọ tí ó ṣáájú iṣẹ́ ni ó ń kọ mí lóminú. Ọmọ awo a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa pọnmi, a máa gbé àpò. Ẹ̀yìn tí ó bá kọ́ tán ni a tó ń pè é ní babaláwo. Alàgbà ọmọ ogún ọdún ti gba oyè kí ó tó gbéra, oyè náà sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Ó máa ń hàn lára àwọn tí ó padà kí ọdún méjì tó pé, nítorí àìsàn, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí iyèméjì. Lójú àwọn kan nínú ìjọ, wọ́n dà bí ẹni tí ó sá lójú ogun. Lójú àdúgbò, wọ́n ti fi àkókò ilé-ìwé ṣòfò, wọn kò sì mú kọ́bọ̀ bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sí kíláàsì mi rí. Nígbà tí a ń kọ́ nípa àlejò ṣíṣe, ó mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ará oko ń gbà kọ̀ fún àlejò láìṣẹ̀ ẹ́, ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo bi í níbi tí ó ti kọ́ ọ. Ó ní òun gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun kan ní abúlé fún oṣù méje. Ọjọ́ tí ó wá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni ó tó sọ òtítọ́ fún mi.